Itẹ́ Òkú Àwọn Aláwọ̀ Dúdú ní Amẹ́ríkà: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Wá Jù Lọ

Láti ìgbà tí àwa ọmọ Yorùbá díẹ̀ ti ń bá àwọn aládùúgbò wa aláwọ̀ dúdú lọ ṣá igbó ojú oórì àwọn baba ńlá wọn, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa ń bi wá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọjáde, lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Irú itẹ́ òkú wo gan-an là ń sọ?

Ibi tí wọ́n sin àwọn aláwọ̀ dúdú sí ní Amẹ́ríkà ni, láti ayé oko ẹrú títí di ìgbà tí òfin ìyapa dúdú àti funfun kógbá sílé. Òmíràn jẹ́ igun oko tí olówó ẹrú yọ̀ǹda nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún owú. Òmíràn jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ìsìnkú ló ra ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn tálákà tí wọ́n ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ jọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má bàa kú kó má rí pósí.

Àwọn ńlá tún wà nínú wọn. Evergreen ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ti wà láti 1891. Ibẹ̀ ni Maggie Walker sùn sí, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dá báńkì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó fẹ́ rí àwọn sàréè tó yí tirẹ̀ ká ní láti mú àdá dání.

Kí ló dé tí wọn kò sin wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó?

Wọn kò gbà fún wọn. Ní New York, ní 1697, ṣọ́ọ̀ṣì Trinity pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe sin aláwọ̀ dúdú sínú ọgbà rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń gbé òkú wọn lọ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú pàápàá, ìyapa náà tẹ̀lé èèyàn wọ ilẹ̀: ilé ìwé ọ̀tọ̀, àga ọ̀tọ̀ nínú ọkọ̀, itẹ́ òkú ọ̀tọ̀.

Báwo ni odidi itẹ́ òkú ṣe lè sọnù?

Kì í sọnù fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń sọ pé, "Àwọn ọmọ wọn ni kò tọ́jú rẹ̀." Àwọn ọmọ náà kọ́? Àwọn mìíràn nínú wọn sá kúrò ní Gúúsù nítorí ìpakúpa àti ebi, wọ́n gba Chicago, Detroit àti Philadelphia lọ. Àwọn tó kù, ìjọba la ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín àdúgbò wọn kọjá. Itẹ́ òkú àwọn funfun máa ń ní owó ìtọ́jú tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì, tí èlé rẹ̀ ń san owó ẹni tó ń gé koríko. Èyí tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ kì í sábà ní irú owó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìsìnkú bá kógbá wọlé, tí kò sí ẹni tó ń san owó orí ilẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn á ra ilẹ̀ náà ní gbàǹjo.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Zion ní Tampa, ìpínlẹ̀ Florida. Ní 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé òun ni itẹ́ òkú àkọ́kọ́ tí àwọn dúdú ìlú náà ní. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ pòórá lórí máàpù, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọba fún àwọn aláìní sórí apá kan rẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń tọ́ ọmọ, wọn kò mọ̀ pé ará wọn wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 2019, lẹ́yìn ìwádìí àwọn oníròyìn Tampa Bay Times, ẹ̀rọ rédà fi hàn pé ó ju pósí 100 lọ tó ṣì wà nísàlẹ̀.

Ní Alexandria, Virginia, láàárín 1864 sí 1869, wọ́n sin nǹkan bí 1,800 èèyàn tí wọ́n sá àsálà kúrò lóko ẹrú nígbà ogun abẹ́lé. Ní 1955, wọ́n kọ́ ilé epo sórí wọn. Ní Philadelphia, nǹkan bí 5,000 ọmọ ìjọ Bethel wà lábẹ́ pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, lórí ilẹ̀ tí ìjọ náà ra ní 1810. Ní Dallas, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà márosẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, sàréè tó lé ní 1,100 ni wọ́n bá pàdé. Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gba orí ibòmíràn nínú itẹ́ òkú náà kọjá.

Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Ṣé ìyẹn ni pé kò sí sàréè?

Rárá o. Igi ni ọ̀pọ̀ fi ṣe àmì, igi sì ti jẹrà. Àwọn mìíràn fi òkúta oko lásán dúró, tí kò ní àkọlé, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ó lòdì sófin pé kí wọ́n kọ́ ẹrú ní ìwé. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wò lè kọsẹ̀ lára òkúta bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí a máa ń wò nìyí. Ilẹ̀ tó wọnú, tó gùn tó ìdùbúlẹ̀ èèyàn, tí irú rẹ̀ sì tò tẹ̀léra ní ìlà. Ọ̀pọ̀ sàréè wọ̀nyí dojú kọ ìlà-oòrùn. Igi kédárì àtijọ́. Ewéko yucca tàbí òdòdó daffodil tó ń hù nínú igbó níbi tí kò yẹ kó dá hù, nítorí pé èèyàn ló gbìn ín. Ìkarahun òkun níbi tó jìnnà sí òkun. Àwo, ife, àtùpà, aago, ìgò oògùn, ohun ìkẹyìn tí olóògbé lò, wọ́n á sì fọ́ ọ tàbí kí wọ́n dá a lu kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ilẹ̀ Kóńgò ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé àṣà yìí ti wá. Bí ẹ bá rí àfọ́kù àwo nínú igbó, ẹ má pè é ní pàǹtírí. Ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ṣé orúkọ wọn kò wà níbì kankan?

Ó máa ń wà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó wá íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹni tó ti pé 90 ọdún lè rántí ibi tí wọ́n gbé òkú ìyá rẹ̀ gbà. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sọ pé ẹ ó padà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí ìwé wà: ìwé ẹ̀rí ikú tí ìpínlẹ̀ ń fúnni, tó sábà máa ń dárúkọ ibi tí wọ́n sin èèyàn sí, ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ asìnkú, ìwé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ìkéde ikú nínú ìwé ìròyìn àwọn dúdú, ìwé rírà àti títà ilẹ̀ ní kóòtù, fọ́tò tí ọkọ̀ òfuurufú yà ní àwọn ọdún 1930 àti 1940. Ní Alexandria tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìwé kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ kan kọ orúkọ àwọn òkú sí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlú ra ilẹ̀ náà, wọ́n wó ilé epo, wọ́n sì ṣí ibi ìrántí síbẹ̀ ní 2014. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ síbẹ̀, àwọn àrọ́mọdọ́mọ sì ń wá fọwọ́ kan orúkọ baba ńlá wọn.

Ṣé dandan ni kí a gbẹ́ ilẹ̀ kí a tó mọ̀?

Kì í ṣe dandan. Ẹ̀rọ rédà tí wọ́n ń tì kiri orí ilẹ̀ bí ẹ̀rọ ìgékoríko máa ń fi ìgbì ránṣẹ́ sísàlẹ̀, á sì fi ibi tí wọ́n ti da ilẹ̀ rú rí hàn. Àwọn ajá tí wọ́n kọ́ ní òórùn egungun èèyàn náà wà. Rédà yìí kì í fi egungun hàn, kì í dárúkọ, ó sì lè ṣi sàréè ọmọ ìkókó mú nítorí pé ó kéré. Nínú ilẹ̀ alámọ̀ tó tutù, kì í ríran jìnnà. Nítorí náà, bí agbáṣẹ́ṣe kan bá fi èsì rédà kan ṣoṣo hàn yín pé "kò sí nǹkan níbí," ẹ sọ fún un pé ìyẹn kò tó.

Wọ́n ní àwọn ti kó òkú ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé wá. Ìwé wo ló fi hàn pé wọ́n hú òkú, mélòó ni, ibo ni wọ́n tún wọn sin sí? Òkúta nìkan ni wọ́n máa ń kó nígbà mìíràn.

Ti Columbian Harmony ní Washington ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ní ìwé pàápàá. Ní 1960, wọ́n kó nǹkan bí 37,000 òkú lọ sí ìpínlẹ̀ Maryland. Òkúta orí sàréè wọn kò bá wọn lọ. Wọ́n ta á dànù bí òkúta lásán, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n tò sétí odò Potomac kí omi má bàa gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin Rhode Island Avenue síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bá pósí àti egungun tí wọn kò kó. Níbi tí wọ́n ti ní ìwé nìyẹn o.

Mo rí ohun tó dà bí sàréè lórí ilẹ̀ tí katapílà ti fẹ́ wọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì mú egungun kúrò níbẹ̀ láé. Ẹ ya fọ́tò tó fi ibi tí ẹ dúró sí hàn, ẹ tọ́jú àmì GPS rẹ̀. Bí egungun bá ti hàn síta, ẹ pe ọlọ́pàá. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin ní kí iṣẹ́ dúró títí dókítà ìjọba tó ń yẹ òkú wò yóò fi sọ bóyá òkú àtijọ́ ni.

Bí egungun kò bá tíì hàn, ẹ kọ ìwé, kì í ṣe tẹlifóònù nìkan, sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ibi ìtàn. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní in. Ẹ kọ ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ilé kíkọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé òun kò gbọ́. Kí ẹ sì pe ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú tó pẹ́ jù lágbègbè náà lọ́jọ́ kan náà.

Òfin wo ló dáàbò bò wọ́n?

Òfin pọ̀, ihò inú rẹ̀ náà pọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwà ọ̀daràn ni kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba sàréè jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "mọ̀ọ́mọ̀" yẹn ni àwọn agbáṣẹ́ṣe máa ń fara pamọ́ sí. Òfin àpapọ̀ ti 1966 lórí ibi ìtàn ní kí wọ́n ṣe ìwádìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí owó tàbí àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó aládàáni lórí ilẹ̀ aládàáni, òfin yẹn kò kàn án.

Àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní Íńdíà, ní òfin tiwọn láti 1990, tó fi agbára fún wọn lórí egungun àwọn baba wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní irú rẹ̀. Ó dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ní láti dáhùn ìbéèrè yìí.

Ohun tó yí padà láìpẹ́ yìí: ní Oṣù Kejìlá 2022, wọ́n fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí National Park Service, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, dá ètò sílẹ̀ fún itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì gbà kí ìjọba ná tó mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́dún lé e. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: "gbà kí" ni. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣì ní láti fi owó náà sínú ìsúná ọdọọdún, bí wọn kò bá fi í síbẹ̀, kò sí owó. Ẹni tó bá ní ìwé ìdìbò nínú yín, ìpè kan sí ọ́fíìsì aṣòfin yín ní iṣẹ́ tó lè ṣe níbí. Virginia ti ṣe tirẹ̀ láti 2017, tó ń fún àwọn tó ń tọ́jú itẹ́ òkú aláwọ̀ dúdú ní owó díẹ̀ lórí sàréè kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ti ń ná owó sórí sàréè àwọn ọmọ ogun tó jà kí oko ẹrú má bàa parẹ́.

Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ ibẹ̀ sínú National Register, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ibi ìtàn ti ìjọba àpapọ̀, ṣé ọkàn wa ti balẹ̀ nìyẹn?

Kò tíì balẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ń fi iyì hàn, ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti rí owó gbà, ó sì ń mú kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rọra. Kò lè dá onílẹ̀ tó ń ná owó ara rẹ̀ dúró. Ohun tó lágbára jù ni kí àmì itẹ́ òkú wà nínú ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kóòtù, pẹ̀lú àwòrán sọ́véyò, kí ẹni tó bá rà á lọ́la má lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ilẹ̀ náà ti di ti ẹlòmíràn. Ṣé ọmọ olóògbé lè wọlé lọ síbẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Virginia àti ti Florida, fún àpẹẹrẹ, gbà kí ìdílé àti àrọ́mọdọ́mọ wọlé lọ wo sàréè ní àsìkò tó bójú mu. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílẹ̀ ṣáájú. Bó bá sé ilẹ̀kùn, lọ́yà ló kù. Ẹ má fo ọgbà, nítorí ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú tó bá fo ọgbà ní orílẹ̀-èdè yìí ń fi ẹ̀mí wéwu.

A fẹ́ lọ ṣá igbó, kí a sì fọ òkúta. Báwo ni ká ṣe é tí a kò fi ní bà á jẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, ẹ sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí àdá tó kan ewé. Ẹ má hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí gbòǹgbò ti wé mọ́ òkú nísàlẹ̀. Ẹ gé e mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ wúwo wọ ibẹ̀. Ewéko àtijọ́ tí mo dárúkọ lókè, ẹ dá a sí, àmì sàréè ni.

Ti òkúta: omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bílíìṣì tí à ń fi fọ aṣọ funfun máa ń jẹ òkúta láti inú. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ẹ̀rọ tí ń tú omi tagbára-tagbára máa ń gé àkọlé lọ. Bí lẹ́tà kò bá hàn, ẹ má fi ẹfun tàbí ìyẹ̀fun pa á. Ẹ fi dígí tan oòrùn sí i láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà á yọ. Òkúta tó bá ń rún tàbí tó ń dún bí ìlù nígbà tí ẹ bá rọra kàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lẹ èyí tó kán. Mo ti rí ibi tí àwọn onínúure ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ òkúta bíi mẹ́wàá ní Sátidé kan, nígbà tí òtútù dé, gbogbo rẹ̀ tún kán níbi tuntun.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní New York tí gbogbo èèyàn fi ń dárúkọ rẹ̀?

Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ ilé ọ́fíìsì kan sí ìsàlẹ̀ Manhattan, ní ojú pópó Broadway, wọ́n bá kan òkú. Máàpù àtijọ́ ti fi hàn pé itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n rò pé ìpìlẹ̀ àwọn ilé tó ti wà níbẹ̀ ti bà á jẹ́ pátá. Ilẹ̀ tí wọ́n kó dà sórí rẹ̀ láyé àtijọ́ ló pa á mọ́. Itẹ́ òkú náà tó éékà 6.6, wọ́n lò ó títí di àwọn ọdún 1790, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ju 15,000 èèyàn lọ tí wọ́n sin síbẹ̀.

Àwọn òkú yẹn kò sinmi rí. Ní 1788, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ ìwé sí ìjọba ìlú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá jí òkú àwọn hú lóru láti fi kọ́ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Ìgbà tí wọ́n jí òkú òyìnbó ni ìlú dàrú, tí àwọn èèyàn ya bo ilé ìwòsàn.

Ní 1991 sí 1992 náà, wọ́n ń hú òkú lọ kí ilé má bàa pẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà jáde: wọ́n dúró nínú òjò, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jókòó ti ibẹ̀, wọ́n lọ bá David Dinkins tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin. Ní Oṣù Keje 1992, iṣẹ́ ìhúlẹ̀ dúró. Wọ́n gba àwọn egungun 419 kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, wọ́n gbé wọn lọ sí Yunifásítì Howard, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú, lábẹ́ onímọ̀ egungun kan, Michael Blakey. Ìbéèrè tí àwọn ará ìlú fẹ́ ni Howard béèrè: ibo ni wọ́n ti wá, báwo ni ayé ṣe rí fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe kú? Ìdáhùn rẹ̀ wà lára egungun: ọmọdé pọ̀ jọjọ nínú wọn, iṣẹ́ àṣekú sì ti fa iṣan àwọn àgbà ya kúrò lára eegun.

Obìnrin kan wà tí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ ní 340. Wọ́n ti rẹ́ ehín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Áfíríkà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 wà ní ìdí rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹyọ. Èmi kò lè sọ pé ọmọ Yorùbá ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sídìí. Ṣùgbọ́n ìyá ta ni kò sín ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ rẹ̀ rí nínú wa? Ẹnì kan fẹ́ràn obìnrin yẹn débi pé kò bọ́ ohun iyebíye yẹn lára rẹ̀ kó tó sin ín, ní ìlú tí àwọn fúnra wọn ti jẹ́ ọjà.

Ní Oṣù Kẹwàá 2003, wọ́n dá gbogbo wọn padà sí ilẹ̀ kan náà, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Gánà. Ní 2006, ibẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ilé ọ́fíìsì náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn yọ apá kan kúrò nínú àwòrán rẹ̀ ni. Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa òfin 1966: nítorí pé ilé ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀nà wà láti ba à jà. Ká ní ti aládàáni ni, bóyá a kì bá tí gbọ́ rárá.

Ṣé àwọn Yorùbá wà nínú àwọn tí à ń sọ yìí?

Wọ́n wà, a sì mọ àwọn kan. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah dé Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lẹ́yìn ohun tó ju 50 ọdún lọ tí òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Africatown. Kossola, tí àwọn aráyé mọ̀ sí Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Agbègbè Bantè nínú orílẹ̀-èdè Benin òní ló ti wá. Ó kú ní 1935, ó sì wà nínú itẹ́ òkú tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn ní 1876. Ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ọ̀nà márosẹ̀ ti há àdúgbò náà mọ́. Ní 2019 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí òkú ọkọ̀ náà nínú odò. Bí ẹ bá kọjá ní Mobile, ẹ yà lọ kí Kossola.

Ní Brazil, ní ìlú Salvador, àwọn Nàgó (orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀) tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó ẹrú ní Oṣù Kìíní 1835. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú wọn ní Campo da Pólvora. Itẹ́ òkú àwọn tálákà àti ẹrú tó wà ládùúgbò yẹn ti wà lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọdún gbọọrọ. Ní 2025, àwọn onímọ̀ gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun èèyàn.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n yẹ egungun wò, kí wọ́n ṣe DNA?

Èrò mi ni pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti onímọ̀ láti dáhùn. Wọ́n ti jí òkú aláwọ̀ dúdú fún ìmọ̀ rí. Ní 1852, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn kan ní Georgia ra ọkùnrin kan, Grandison Harris, lẹ́rú, kí ó lè máa hú òkú àwọn èèyàn rẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ pé "ẹ fi wọ́n sílẹ̀," kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é dáadáa níbì kan, ní Charleston, ìpínlẹ̀ South Carolina. Ní 2013, níbi tí wọ́n ti ń tún gbọ̀ngàn Gaillard kọ́, wọ́n rí òkú 36. Ajani Ofunniyin, olùdásílẹ̀ Gullah Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo itẹ́ òkú àwọn dúdú níbẹ̀, tí òun náà ti di olóògbé báyìí, kó àwọn ará ìlú jọ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba DNA, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ohun tí èsì rẹ̀ túmọ̀ sí. Ó hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni wọ́n bí àwọn kan sí nínú wọn. Kí wọ́n tó tún wọn sin ní 2019, wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún àwọn 36 náà, ìyálọ́ṣun kan ló sì ṣáájú ètò náà. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo sunkún.

Bí a kò bá mọ ọmọ olóògbé kankan, ta ló ní ẹnu ọ̀rọ̀?

Níbí ni ìjà máa ń ti wá. Ní New York, wọ́n gbà pé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà lápapọ̀ ni ìdílé, yálà wọ́n ní ìwé ìran tàbí wọn kò ní in. Mo fara mọ́ ọn: àwọn tó gba ìwé ìran lọ́wọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ tún wá máa bi wọ́n léèrè ìwé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú wọ̀ ọ́. Ní 2024, musíọ̀mù Yunifásítì Pennsylvania sin orí èèyàn 19 tó wà lọ́wọ́ wọn láti ayé dókítà Samuel Morton, tó ń kó agbárí èèyàn jọ láyé àtijọ́. Àwọn kan nínú ará ìlú ṣàròyé pé wọn kò wá ìdílé tó kí wọ́n tó ṣe é. Orí 20 ni ì bá jẹ́, ká ní wọn kò rí i nínú ìwé pé ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá ọ̀kan nínú wọn.

Ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó máa ṣe aráàlú láǹfààní ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ṣé ká kó òkú kúrò?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé náà lè sún. Ó sábà máa ń lè sún. Ní Sugar Land, ìpínlẹ̀ Texas, ọkùnrin kan, Reginald Moore, kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìpínlẹ̀ ń yá fún oko ìrèké lẹ́yìn òpin oko ẹrú wà nínú ilẹ̀ kan. Wọn kò fetí sí i. Ní 2018, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwé, egungun 95 jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin wà nínú wọn tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ fẹ́ gbé wọn lọ síbòmíràn, àwọn ará ìlú ta kò ó, wọ́n yí àwòrán ilé ìwé náà padà, wọ́n sì tún wọn sin síbi tí wọ́n ti bá wọn ní 2019. Moore kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé àwa tí a wá láti ilé lè ta omi sílẹ̀, kí a ki wọ́n, kí a ṣe ètùtù?

Ẹ béèrè ná. Onítẹ̀bọmi àti Mẹ́tọ́díìsì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sùn síbẹ̀, àti ọmọ wọn tó ń tọ́jú wọn. Òmíràn lè fi ọwọ́ méjèèjì gba oríkì, òmíràn lè ní orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lòun fẹ́. Níbi tí àwa ń lọ, ìyá àgbà kan, tó jẹ́ díákónì, ló ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ọdún kejì tí a ti ń lọ ló ní kí ọ̀kan nínú wa wá sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Oríkì kọ́ ni ọmọkùnrin náà kì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Màmá ní kí ó tún un sọ, Màmá sì kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Màmá ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbé ràkíì.